Ògbufọ̀ ní Kóòtù Ìfọ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Felísità Ìbíwùnmí Adéyanjú (1926–1989)

Ìlú Ìfọ̀ ni a ti bí ìyá wa, Màmá Felísità Ìbíwùnmí Adéyanjú, ní oṣù kẹta ọdún 1926, nínú ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbé nígbà náà. Bàbá wọn ni Olóògbé Jósẹ́fù Ògúnkànmí, ọmọ Ẹ̀gbá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títan àtùpà tí ń sọ fún awakọ̀ ojú irin bóyá kí ó dúró tàbí kí ó kọjá. Ìyá wọn ni Olóògbé Katarínà, ọmọ Àgùdà láti Èkó. Ìyá tí ó bí Katarínà, Ìyá Àgbà Filoménà, kì í ṣe ilẹ̀ yìí ni a bí wọn sí. Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ni, níbi tí wọ́n ti kó àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ. Wúńdíá ni wọ́n nígbà tí àwọn àti ìyá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó.

Màmá kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá wọn kú lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá wọn kò lè dá tọ́jú ọmọbìnrin kékeré pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, wọ́n sì mú un lọ sí Pópó Àgùdà l'Ékòó, wọ́n fà á lé Ìyá Àgbà Filoménà lọ́wọ́. Èdè Yorùbá ni Ìyá Àgbà fi ń nájà, ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni wọ́n fi ń báni wí, òun náà ni wọ́n sì fi ń sunkún. Màmá máa ń sọ fún wa pé àwọn kò mọ ọjọ́ tí àwọn kọ́ èdè náà. Wọ́n kàn rí i pé, nígbà tí Ìyá Àgbà bá jókòó tí wọ́n ń sunkún Katarínà, àwọn mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ilé-ìwé àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ni Màmá lọ l'Ékòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa débi pé ní ọdún 1945 àwọn Sístà gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Bàbá wa, Olóògbé Tìmótíù Adéyanjú, ọmọ Ìkìrun, ti rí wọn. Kápẹ́ńtà ni Bàbá. Wọ́n wá kan àga fún ilé-ìwé náà ni, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sì di iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, nítorí pé ẹsẹ̀ àga kan ṣáà ń mì ní kíláàsì Tíṣà Felísità, àfi kí kápẹ́ńtà wá tún un wò. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1949. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta dá wọn lọ́lá: Olúfúnṣọ́ ní ọdún 1951, Ọmọ́títí ní ọdún 1955, àti Lásúnkànmí, àbíkẹ́yìn, ní ọdún 1960.

Ní ọdún 1956, Màmá fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, wọ́n wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tí ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Iṣẹ́ wọn ni láti máa túmọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu láti èdè Potogí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ń wá láti Bràsíìlì, ọkọ̀ ń wá láti Àǹgólà, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sì ń wọlé pẹ̀lú ẹjọ́ lóríṣiríṣi. Ìtàn kan wà tí Màmá fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀gá ọkọ̀ kan kọ̀wé pé òórùn tí ń jáde lára àwọn àpò kọfí kan jẹ́ esquisito. Akọ̀wé tuntun kan rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé òórùn náà jẹ́ exquisite, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó dùn mọ́ni nímú gan-an. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọ̀gá wọn wá sọ pé kí Màmá kọ bad sí i, pé kọfí náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá ní rárá. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò sọ pé ó bàjẹ́, ohun tí ó sọ ni pé òórùn rẹ̀ ṣàjèjì. Strange ni wọ́n kọ, wọ́n ní kí ẹni tí ó ni kọfí wá fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí a bá ti dé ibi yìí nínú ìtàn náà, Màmá kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n á wò wá, wọ́n á ní: "Ohun tí ó sọ ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi tiyín kún un."

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 1981, àwọn àti Bàbá sì kó wá sí ilé tí Bàbá kọ́ sí Mowe yìí. Àwọn tí ó bá wọn ní àdúgbò mọ bí ó ti rí nígbà náà, tí igbó pọ̀ ju ilé lọ. Lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́, àtọmọ Kìrìsìtẹ́nì àtọmọ Mùsùlùmí, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ìjọ Àgùdà wa, àwọn ni wọ́n sì ń gbé àdúrà sókè nígbà tí ìjọ náà ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà. Bàbá sùn ní ọdún 1983. Láti ìgbà náà, Lásúnkànmí ni ó ń bá Màmá gbé.

Gbogbo ẹni tí ó wá síbi yìí lónìí ni ó mọ̀ pé ọmọ náà ni ó sún mọ́ ọkàn Màmá jù lọ. Arẹwà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́. Ní ọdún 1985, ó rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ibafo tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọdún yẹn náà ni ó gbé Títílọpẹ́ níyàwó, ọmọ Ìfọ̀, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ wọn sì dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ra ẹ̀rọ tuntun láti Bràsíìlì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Anselmo sì bá ẹ̀rọ náà wá láti tò ó. Anselmo kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lásúnkànmí tí ó ti ń gbọ́ Potogí lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti kékeré mọ bí a ṣe ń kíni àti bí a ṣe ń béèrè omi, ó sì mú un wálé ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Nígbà tí Màmá dá a lóhùn ní èdè rẹ̀, ọkùnrin náà jókòó sórí pèpéle, ó fi ọwọ́ bo ojú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí kò wá. Dona Felísità ni ó ń pe Màmá. Ó ń jẹun lórí tábìlì wa, Mọ́rẹ̀nikẹ́ sì ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1987, ẹ̀rọ wúwo kan já láti òkè ní ilé-iṣẹ́ náà. Lásúnkànmí ni ó wà nísàlẹ̀ tí ń darí rẹ̀ sí àyè. Anselmo ni ó di okùn mú. Kí wọ́n tó gbé ọmọ wa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wá bá Màmá lábẹ́ máńgòrò, àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ níwèé sì wà níwájú wọn. Màmá ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣubú lulẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá mú Anselmo. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ní àgọ́, òun náà kò sì gbọ́ tiwọn. Ó ní dikiṣọ́nárì kékeré kan tí ó ń fi sápò, ó wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì fún wọn: I allowed it to fall. Ẹni tí ó bá ka èyí yóò gbà pé ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé ṣe ni òun dúró, tí òun fi àyè sílẹ̀ kí ẹ̀rọ náà ṣubú lu ọmọ ènìyàn.

Sájẹ́ńtì Bùrẹ́ímọ̀, ọlọ́pàá tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì kàwé lábẹ́ máńgòrò wa, ni ó wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ohun tí wọ́n rán mi wúwo lẹ́nu mi."

Màmá ní, "Dìde, Bùrẹ́ímọ̀. Sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù ní Ìfọ̀. Adájọ́ ní òun ò fẹ́ lo ìwé tí ọkùnrin yẹn kọ àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, kí ẹnì kan sì túmọ̀ rẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí ẹ́ḿbásì wọn, wọn ò tíì fún wa lẹ́nì kankan. Ibi gbogbo tí a béèrè dé, orúkọ yín ni wọ́n ń dá."

"Ṣé adájọ́ mọ̀ pé ọmọ mi ló kú?"

"Ó mọ̀, mà. Ó ní ẹ lè kọ̀."

Màmá béèrè ohun tí Anselmo kọ, sájẹ́ńtì sì sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ Potogí tí ọkùnrin náà wò. Bí ọmọ Bràsíìlì bá fẹ́ sọ pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ òun, deixei cair ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, tí ó wá wo ti àkọ́kọ́ nínú dikiṣọ́nárì, ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni allow, pé a gba nǹkan láàyè. Wọ́n sọ fún sájẹ́ńtì pé àwọn yóò wá.

Ilé dàrú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Títílọpẹ́, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Ó ní, "Màmá, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú un. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ gbà á sílẹ̀ fún mi." Olúfúnṣọ́, àkọ́bí, gbè é lẹ́yìn. Ó ní kí Màmá jókòó sílé, kí ẹ́ḿbásì rán ènìyàn wá nígbà tí ó bá wù wọ́n. Màmá dáhùn pé àwọn mọ ohun tí adájọ́ yóò fi gbólóhùn inú ìwé yẹn ṣe bí kò bá sí ògbufọ̀, àwọn sì mọ̀ pé ọkùnrin náà kò sọ ọ́.

Mánéjà ilé-iṣẹ́ náà wá lọ́jọ́ kejì. Ó kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó sì rọra tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. It fell ni kí ẹ sọ. Ẹ̀rọ ló ṣubú, kò sẹ́ni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀. Ẹjọ́ á parí, oníkálukú á máa lọ sílé ẹ̀." Màmá wò ó títí. Wọ́n bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣubú. Ó ní òun kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ.

A kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára wọn. Allowed ni àwọn ọmọ àti ìyàwó ọmọ wọn ń fẹ́, kí ẹ̀bi lè wà lórí ọkùnrin kan. Fell ni ilé-iṣẹ́ ń fẹ́, kí ẹ̀bi má sì wà lórí ẹnikẹ́ni. Màmá sì ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí wọ́n bí gbẹ̀yìn. Ní àwọn ọjọ́ náà, Ọmọ́títí tí ó wá dúró tì wọ́n rí i pé wọn kì í jẹun, wọ́n á kàn máa mi ètè bí ẹni tí ń dá ọ̀rọ̀ wò.

Ní ọjọ́ tí kóòtù jókòó, Màmá wọ aṣọ dúdú, wọ́n sì gba Agége àti Sàngó lọ sí Ìfọ̀ ìlú wọn. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde, ó ní ìyá olóògbé kò gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀. Adájọ́ bi í bóyá ó mú ẹlòmíràn wá, lọ́yà náà sì padà jókòó. Adájọ́ wá pàṣẹ kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sínú téèpù, kí ẹ́ḿbásì lè gbọ́ ọ lẹ́yìn náà kí wọ́n sì wí tiwọn. Màmá fi ọwọ́ lé Bíbélì, wọ́n búra. Wọ́n mú Anselmo wọlé. Ó rí ẹni tí yóò túmọ̀ fún òun, ó sì tẹrí ba fún wọn.

Adájọ́ ní kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde tán: "Deixei cair."

Mánéjà ń wo Màmá láti apá kan, Títílọpẹ́ àti ọmọ tí ó pọ̀n wà ní apá kejì. Màmá kọjú sí adájọ́, wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí ọkùnrin náà tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì fi kún un: "Deixei cair, Dona Felísità."

Màmá wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "I dropped it."

Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n sọ ni pé, ó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi ni ó sì ti bọ́. Kò sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé kò kan òun.

Títílọpẹ́ dìde. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì jáde kúrò ní kóòtù láìwẹ̀yìn.

Adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè láti ọjọ́ tí Lásúnkànmí ti kú: "Kí ló dé tí ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Anselmo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ oníṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo ti bàjẹ́ tipẹ́, pé òun ti sọ fún wọn, wọ́n sì ní kí àwọn máa fi okùn ṣe é. Ó ní ó yẹ kí ọkùnrin púpọ̀ di okùn náà mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwọn tó kù lọ já gẹdú láti inú ọkọ̀. Òjò ti pa okùn náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Awọ kò sí níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀, ẹni tí ń túmọ̀ kì í sọ pé "ó ní". "Èmi" ni ó máa ń sọ, bí ẹni pé òun gan-an ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ìyá wa ni ó dúró ní kóòtù Ìfọ̀ tí ń sọ pé: Mo di okùn mú. Ó wà nísàlẹ̀. Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ kí ó tó di pé okùn ń yọ̀. Ó pe orúkọ mi. Nígbà tí Màmá dé ibi "Ó pe orúkọ mi" yẹn, wọ́n béèrè omi. Sájẹ́ńtì Bùrẹ́ímọ̀ gbé omi fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n sì túmọ̀ èyí tí ó kù títí dé òpin.

Adájọ́ dá Anselmo sílẹ̀. Ó ní àìsí ohun èlò tí ó yẹ ni ó pa olóògbé, ó dá ẹ̀bi náà fún ilé-iṣẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé ẹ̀rọ náà títí wọn yóò fi tún un ṣe. Àwọn ẹ́ḿbásì gbọ́ téèpù náà lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n sì kọ̀wé sí kóòtù pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn yóò pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí, ilé-iṣẹ́ náà ti kó kúrò ní Ibafo, a kò sì mọ ibi tí wọ́n gbà lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wá bẹ̀ wá wò.

Anselmo wá sí Mowe kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé, bí Lásúnkànmí ti kọ́ ọ. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní kí ó wọlé. Wọ́n bá a sọ gbólóhùn díẹ̀, ó dìde, ó ń sunkún, ó sì lọ. Ọmọ́títí béèrè ohun tí wọ́n sọ fún un. Màmá ní, "Mo ní kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀, kó má sì padà wá síbí mọ́. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà."

Títílọpẹ́ kò padà sí Mowe. Ó mú Mọ́rẹ̀nikẹ́ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ̀, ó sì ránṣẹ́ pé òun kò lè gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó bá ọ̀tá òun sọ̀rọ̀. Màmá kò jiyàn. Ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀ láti rí ọmọ ọmọ wọn. Ìyá Títílọpẹ́ ni yóò gbé ọmọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Títílọpẹ́ yóò sì wà nínú yàrá títí Màmá yóò fi lọ. Àìsàn ọkàn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà náà, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín ìrìn-àjò yìí kù. Wọ́n ní bí ọmọ náà kò bá mọ ojú bàbá rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ojú tí ó jọ ọ́.

Ní oṣù keje ọdún yìí, 1989, Màmá kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Olúfúnṣọ́ lọ sí Ìfọ̀ láti sọ fún wọn pé Àbámẹ́ta kan ń bọ̀ tí Màmá kò ní wá. Ọjọ́ kejì ni Títílọpẹ́ dé pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù rẹ̀. Ó bu omi, ó wẹ Màmá, ó pààrọ̀ aṣọ orí ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bu ògì sí wọn lẹ́nu. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, Ọmọ́títí sì wà níbẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ò bínú sí i rárá ni?"

Màmá ní, "Mo bínú sí i. Ìbínú ẹ̀ ni mo ń bá jí títí dòní."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹnu mi ni mo yá a, Títí. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló yẹ kó gba ibẹ̀ jáde. Bí mo bá fi ìbínú mi pààrọ̀ ẹ̀, irọ́ ni màá fi sin Lásún."

Títílọpẹ́ gbé àwo ògì sílẹ̀. Ó gbé orí lé àyà Màmá, ó sunkún bí kò ti lè sunkún láti ọdún 1987, Màmá sì ń fi ọwọ́ tí kò lágbára mọ́ pa á lórí.

Nígbà tí ó kù díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu Màmá. Lẹ́yìn èyí, Yorùbá náà kúrò. Èdè Ìyá Àgbà Filoménà nìkan ni ó kù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, tọ̀sán tòru, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún wa. Nígbà mìíràn wọ́n á béèrè nǹkan, wọ́n á sì dúró de èsì. A gbọ́ orúkọ Lásúnkànmí nínú rẹ̀, a gbọ́ orúkọ Bàbá, a gbọ́ Katarínà. Èyí tí ó kù kò yé wa. Gbogbo ọmọ wọn ni ó yí ibùsùn ká, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìyá wa sọ kẹ́yìn. Èyí ni ó dùn wá jù lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, wọ́n dákẹ́.

Màmá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ: Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ Adéyanjú ní OPIC Estate, Isheri, àti Ìyáàfin Ọmọ́títí Sùlèímọ́nù ní Asese. Wọ́n fi Títílọpẹ́ Adéyanjú sílẹ̀, tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ, nítorí ọmọ ni ó jẹ́ sí wọn. Wọ́n fi ọmọ ọmọ méje sílẹ̀, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ Lásúnkànmí sì ni àbúrò gbogbo wọn. Wọ́n fi ìjọ sílẹ̀, wọ́n fi àdúgbò sílẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìwé.

Ìbíwùnmí, ọmọ Ògúnkànmí, ọmọ Katarínà, ẹ máa rọra lọ. Ẹ kí Bàbá fún wa. Ẹ kí Lásúnkànmí, ẹ ní ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri. Gbogbo ohun tí ẹ sọ fún wa tí a kò gbọ́, Ọlọ́run tí ó dá èdè gbogbo ti gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Ìyá wa, ẹ sùn.